Ọrùn Ọ̀tún Nínú Àdéhùn Àlàásárì

Ẹni tó bá ń sọ pé ayé ogun ti kọjá lọ, kò tíì gba pápá Peckham Rye kọjá lọ́jọ́ Sátidé nígbà ooru ni. Ibẹ̀ ni Ilé Peckham àti Ilé Stockwell ti máa ń pàdé lọ́dọọdún láti ja ogun àwọn ará Japan àtijọ́, pẹ̀lú idà tí wọ́n fi fóòmù ṣe, tí wọ́n fi tépù dúdú wé, àti ìgbàyà tí wọ́n fi páálí àti awọ àga àlòkù rán. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí wọ́n bá nà ní fóòmù lè fọwọ́ ra ojú ibẹ̀ kó sì gbàgbé. Ohun tó lé Làtíìfù kúrò lórí pápá náà lọ́dún tí à ń sọ yìí kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ ra.

Uncle Ajíbóyè ló kó eré náà dé. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ irin kan nílùú Osaka, bàbá àgbàlagbà tó gbà á sílé níbẹ̀ sì máa ń sọ ìtàn àwọn jagunjagun tí wọ́n ń pè ní sámúráì fún un bí wọ́n bá jẹun tán. Nígbà tó wá dé London, tó rí bí àwọn ọmọ estate ṣe ń kó ọ̀bẹ gidi sápò, ó ní bó bá jẹ́ pé ìjà ni wọ́n fẹ́, òun yóò kọ́ wọn ní ìjà tó lófin. Ó sì kọ́ wọn. Àwọn kan tí ìyá wọn ti ń sunkún lé lórí tẹ́lẹ̀ ti di ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin lónìí.

Ní ilẹ̀ Japan ìgbà náà, olúwa ìlú kì í dá ogun rò. Ó ní ìránṣẹ́ àgbà kan tó ń jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tó ń jẹ ìrẹsì inú àká rẹ̀, tó ń so idà méjì mọ́ ìbàdí, tó ń ṣọ́ odi bí olúwa bá rìnrìn-àjò, tó sì ń fi ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ dógò lọ́dọ̀ ọ̀tá bí àdéhùn bá wà. Uncle Ajíbóyè wá orúkọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú oyè ogun ilé wa, ó pè é ní Ọ̀tún. Ìjà kọ́ ni iṣẹ́ Ọ̀tún tó le jù. Òun nìkan ló lè wo olúwa rẹ̀ lójú kó sọ pé ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kò dáa. Bí olúwa bá sì kọ̀, Ọ̀tún mìíràn a máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà kí olúwa lè gbọ́.

Làtíìfù ni Ọ̀tún Ilé Peckham. Lọ́jọ́ iṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá kan ní Camberwell ló ti ń tọ́jú aláìsàn, tó ń fi bẹ́ẹ̀dì onítáyà tì wọ́n láti wọ́ọ̀dù kan sí òmíràn. Lórí pápá, bó bá yọ, àwọn ọmọ Stockwell a máa wo ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Basit ni Olórí rẹ̀, inú fláàtì kan náà ni wọ́n sì ti dàgbà. Nígbà tí àìsàn dá ìyá Làtíìfù dúbúlẹ̀ tí kò sì dìde mọ́, Mummy Àsúmáù, ìyá Basit, ló kó òun àti Rahmah àbúrò rẹ̀ wọlé. Obìnrin náà kò fi ìgbà kan bu ẹran fún ọmọ tirẹ̀ kó bu egungun fún wọn. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò lára ẹni. Nílé, Tìfù àti Basit ni wọ́n, wọ́n á máa bú ara wọn bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe. Lórí pápá, òfin ni pé kí gbogbo ilé máa fi ẹ̀yin bá Olórí sọ̀rọ̀, Làtíìfù kò sì gbàgbé rẹ̀ rí.

Ogun ọdún yìí kò rí bíi tàtẹ̀yìnwá. Stockwell ti gba odi lọ́wọ́ Peckham lọ́dún tó kọjá, Nasrullah tó jẹ́ Olórí wọn sì ní kí Basit máa gbé omi kiri fún àwọn ọmọ ogun òun, gbogbo èèyàn sì ń yà á sórí fóònù. Òfin tí ilé méjèèjì jọ ṣe ni pé ilé tó bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra ti tú ká nìyẹn. Yóò ká àsíá rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì lọ máa jà lábẹ́ ẹni tó borí. Bí Peckham kò bá gba odi kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí Ilé Peckham mọ́.

Ohun kan wà lórí pápá yìí tí ẹ kò lè bá nínú ìtàn Japan kankan. Ìrun Àìlà, ilé kọ̀ọ̀kan a máa kí i ní ibùdó tirẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Àlàásárì ló máa ń bọ́ sáàárín ogun. Nítorí náà wọ́n dá àdéhùn kan. Bí àkókò bá tó, Uncle Ajíbóyè á na abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sókè, àwọn Mùsùlùmí ilé méjèèjì á bọ́ bàtà, wọ́n á kó idà jọ sí òkìtì kan, wọ́n á sì tò sẹ́yìn imámù kan ṣoṣo. Kìrìsìtẹ́nì kan láti ilé kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ṣọ́ òkìtì náà. Ọ̀tún méjèèjì ló ń búra sí i. Wọn ò fẹ́ fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ohun mìíràn búra, nítorí náà ọrùn ni wọ́n fi ń dógò ọ̀rọ̀ wọn.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Làtíìfù lọ sí Stockwell lórúkọ Basit. Ó di idà wọn mú níwájú Uncle Ajíbóyè, ó ní, "Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé mi bá fẹ́ fi idà kan ẹni tó wà lórí ìrun, ọrùn mi ni kí idà náà kọ́kọ́ bà."

Uncle Ajíbóyè mi orí. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kó yé yín o. Èmi lè sọ ẹni tó ti kú fún yín, job mi nìyẹn. Ẹni tó bá da àdéhùn, mi ò ní fọn fèrè fún un. Orúkọ yín lẹ fi ń ṣeré."

Ilé tó ń gbógun lọ ló ń fi ògò sílẹ̀. Rahmah ló lọ. Ó di aṣọ funfun Stockwell mọ́ orí híjáàbù rẹ̀, ó sì gbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká. "Ẹ má worry nípa mi jàre. Meat pie àwọn Stockwell dáa ju tiyín lọ."

Láàárọ̀ Sátidé, Ilé Peckham jáde láti gbọ̀ngàn estate wọn, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gba Rye Lane láàárín àwọn tó ń ra iṣu àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Làtíìfù ló ṣíwájú, ó ń ki Olórí rẹ̀:

"Basit ọmọ Àsúmáù,
A-rí-ọ̀tá-má-sún-sẹ́yìn,
Ọ̀kan ṣoṣo tó dúró ní géètì
Tí ogójì ń wá ọ̀nà àbáyọ."

Bàbá kan tó jókòó ní ibùdókọ̀ ká ìwé ìròyìn rẹ̀ kò. "Ẹ kú ogun o. Níbo lẹ ń lọ?"

"Stockwell la fẹ́ bá jà, sà," Jonathan dáhùn. Òun ni Òsì, ọmọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó sanra, tí ohùn rẹ̀ dùn.

"Stockwell ni lándílọ́ọ̀dù mi ń gbé. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi kí i dáadáa."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Basit. Ó ti wọ akoto rẹ̀ láti ilé, ó ń rìn láàárín wọn láìwo ọ̀tún tàbí òsì, bíi pé ojú ọ̀nà náà ti gbà á lọ́kàn.

Nígbà tí wọ́n dé ibùdó wọn lábẹ́ igi, wọ́n kí Àìlà. Làtíìfù àti Jonathan ló ṣọ́nà, nítorí ibùdó ogun kì í wà láìní ẹ̀ṣọ́, Làtíìfù yóò kí tirẹ̀ bí àwọn yòókù bá ṣe tán. Ó gbọ́ tí Basit sálámà láti parí ìrun. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ tó tún pe ìkámà, ìpè ìdìde sí ìrun, tí gbogbo wọn tún dìde láti so Àlàásárì mọ́ Àìlà. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé Basit kàn ń ṣọ́ra ni, pé bóyá ó rò pé ogun lè ká wọn mọ́. Ẹni tó fọkàn tán èèyàn kì í wá àlàyé kiri. Ó kí Àìlà tirẹ̀ nìkan, ó so idà rẹ̀ méjèèjì mọ́ ìbàdí, ó sì lọ jà.

Ìjà náà kò pẹ́. Odi Stockwell jẹ́ okùn tí wọ́n ta yí igi ńlá kan ká lórí ibi tó ga, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, àsíá funfun wọn sì wà lára igi náà. Peckham sáré gòkè, Stockwell tì wọ́n bọ̀. Wọ́n tún sáré gòkè, wọ́n tún tì wọ́n bọ̀, ìdajì wọn sì ti di òkú tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ń mu ọsàn alágolo. Láti inú odi, Nasrullah ń kígbe pé, "Basit! Omi dà? Òùngbẹ ń gbẹ wá!"

Basit kó àwọn tó kù padà sábẹ́ igi. Ó jókòó sórí àga kíká rẹ̀, Làtíìfù kúnlẹ̀ sí ọ̀tún, Jonathan sí òsì, àwọn yòókù tò síwájú wọn. Ìgbìmọ̀ ogun nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń ṣàwàdà mọ́.

"A ò lè fi agbára gba odi yẹn," Basit bẹ̀rẹ̀. "They're too many at the gate. Ṣùgbọ́n Àlàásárì ti fẹ́ tó. Gbogbo wọn máa wà lórí ìrun, àwa ti kí tiwa. Jonathan, ìwọ lo máa ṣọ́ àwọn idà. Tí wọ́n bá ti forí kanlẹ̀, kó idà wọn sá lọ. Àwa á jáde láti ibí. Kó tó di pé wọ́n sálámà, odi ti di tiwa."

Ìgbà yẹn ni Làtíìfù wá mọ ìdí tí Basit fi pe ìkámà kejì. Àtàárọ̀ ló ti ń pète rẹ̀. Nígbà tí òun ń ki i ní Rye Lane, tí òun ń pariwo A-rí-ọ̀tá-má-sún-sẹ́yìn, ọkùnrin náà ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ojú tì í, bíi pé òun gan-an ló hùwà náà.

Jonathan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Olórí, ọ̀rọ̀ yìí ò dùn mọ́ mi sha. The people are praying."

"Ìwọ kì í tiẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, bro. Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀?"

"Ìyẹn gan-an ni. Wọ́n ní kí n wá ṣọ́ nǹkan wọn. Tí mummy mi bá gbọ́, wọ́n máa pa mí."

"Mummy ẹ ò sí nínú ogun yìí."

Làtíìfù tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, ó sì tẹrí ba gẹ́gẹ́ bí Uncle Ajíbóyè ṣe kọ́ wọn, kò jẹ́ kí iwájú orí òun kan ilẹ̀, nítorí ìyẹn Ọlọ́run nìkan ló ni ín. "Olórí mi, mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́."

"Ẹ̀yin lẹ rán mi lọ búra. Ọrùn mi ni mo fi dúró, ṣùgbọ́n orúkọ yín ni mo pè. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí kò dáa. Ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ."

"Ẹnu ẹ lo fi búra. Èmi ò búra fún ẹnì kankan."

"Ọ̀tún kì í ní ẹnu tara rẹ̀, Olórí mi. Tí ẹ bá ní ẹnu mi kò kàn yín, kí wá ni mò ń ṣe lápá ọ̀tún yín?"

Basit ń fa koríko tu lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Làtíìfù rí i pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ díẹ̀, ó wá rọ ohùn rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká pàdánù. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bí ilé yìí bá tú ká lónìí, a máa dá òmíràn sílẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa ṣe Olórí, èmi náà ni màá kúnlẹ̀ síbí. Rahmah sì wà lọ́dọ̀ wọn. Inú sáàfù àwọn tó ń kírun yẹn lòun náà máa wà."

"Rahmah máa kú nínú eré, á lọ ra ice cream. Allow it, Tìfù."

"Kì í ṣe ti Rahmah nìkan."

Basit dìde lórí àga. Ó sún mọ́ Làtíìfù tó jẹ́ pé àwọn tó wà nítòsí nìkan ló lè gbọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. "Ta ló mú ẹ wọlé? Lórí bẹ́ẹ̀dì ta lo ti sùn títí tó o fi rí iṣẹ́? Ìyá mi ló sọ ẹ́ dèèyàn. Tí mummy mi bá ti jẹ́ kí àwọn social kó yín lọ sílé ìjọba nígbà yẹn, you and your sister, níbo lò bá wà lónìí tí wàá máa wá kọ́ mi ní ohun tó dáa?"

Ẹyin lohùn. Àwọn baba wa kò purọ́, bó bá ti já bọ́, kò ṣe é ṣà jọ mọ́. Nínú gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, tí wọ́n jọ jà, tí wọ́n jọ sunkún, Basit kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Làtíìfù ti máa ń bẹ̀rù láti kékeré pé ẹnì kan nínú ilé náà máa sọ ọ́ lọ́jọ́ kan. Ó ti wá sọ ọ́ wàyí, níwájú àwọn ọmọ ogun. Inú bí i gidigidi. Ó fẹ́ nà án. Kì í ṣe pẹ̀lú fóòmù.

"Are you with me àbí o ò sí?" Basit béèrè.

"Ọ̀tún yín ni mo jẹ́," Làtíìfù dáhùn. Ó sì dìde.

Ẹ bá a rò ó wò. Bó bá lọ ta Nasrullah lólobó, ọ̀dàlẹ̀ ni, ó ti ta ọmọ ìyá tó bọ́ ọ. Bó bá dákẹ́, òpùrọ́ ni, ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú Uncle Ajíbóyè ti di pàǹtí. Ọ̀nà méjèèjì ń run. Ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ igi fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo àwọn bọ́ọ̀sì tó ń kọjá lọ́nà ìsàlẹ̀, ó sì ń bínú sí Basit, ó ń bínú sí ara rẹ̀ pé ó kúnlẹ̀ fún un.

Láti orí òkè, Nasrullah pe ìrun. Ká má purọ́ mọ́ ọn, agbéraga ni Nasrullah, ṣùgbọ́n Ọlọ́run fún un lóhùn. Uncle Ajíbóyè na abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sókè. Làtíìfù kò tíì kí Àlàásárì tirẹ̀, nítorí òun kò bá wọn so ó mọ́ Àìlà. Ó tú akoto rẹ̀, ó gbé e sí ẹsẹ̀ Basit, ó sì ń gòkè lọ.

"Tìfù," Basit pè é. "Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ kírun, Olórí mi."

Jonathan àti Wùmí, ọmọbìnrin Stockwell tó ń wọ àgbélébùú lọ́rùn, ti wà nídìí òkìtì idà náà níwájú odi. Làtíìfù fa idà rẹ̀ méjèèjì yọ, ó kó wọn lé ti Stockwell lórí, ó bọ́ bàtà.

Jonathan rọra sọ̀rọ̀ láìmí ètè. "Bro, kí lò ń ṣe? They're coming."

"Mo mọ̀," ni Làtíìfù wí.

Nasrullah wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ nìkan? Olórí ẹ dà?"

"Wọ́n ti kí tiwọn." Òótọ́ sì ni.

"Ẹ̀rù àwa náà ti wá ń bà á lórí ìrun báyìí." Àwọn Stockwell rẹ́rìn-ín. Gẹ́gẹ́ bí Ọ̀tún, ẹ̀yìn imámù gan-an ni wọ́n máa ń fi Làtíìfù sí, wọ́n sì ti ṣí àyè sílẹ̀ fún un. Ó kọjá àyè náà, ó kọjá gbogbo sáàfù, ó lọ dúró ní ìparí rẹ̀ lápá òsì, níbi tó sún mọ́ àwọn igi jù. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Rahmah wà ní sáàfù àwọn obìnrin lẹ́yìn, ó ń wò ó, kò sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Wọ́n wọ ìrun. Ní ìdúró àkọ́kọ́ kò gbọ́ nǹkan kan ju ajá tó ń gbó lọ́ọ̀ọ́kán lọ. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí koríko gbígbẹ, ẹsẹ̀ púpọ̀. Ọkàn rẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń ké, ó tún dá a padà. Àwọn ẹsẹ̀ náà sún mọ́. Lẹ́yìn náà wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún un lẹ́yìn ogun náà ni pé nígbà tí àwọn ọmọ Peckham rí i pé Ọ̀tún wọn ló wà ní ìparí sáàfù, láìní idà, láìní akoto, ẹnì kan dúró, èkejì dúró, ẹnì kan tiẹ̀ yí padà tó lọ bá àwọn òkú jókòó. Jonathan kò gbé idà kankan. Gbogbo ìdí tí Ọlọ́run fún un ló fi jókòó lé òkìtì náà, ó sì ká apá mọ́ àyà. Wùmí wò ó, òun náà wá jókòó tì í.

Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kò dúró. Làtíìfù mọ ọ́n. Ẹsẹ̀ tó máa ń gbọ́ bó bá ń ti ilé ìdáná bọ̀ nínú fláàtì, tó máa ń wọ́ díẹ̀ nítorí orúnkún tí bọ́ọ̀lù bà jẹ́. Wọ́n forí kanlẹ̀ ní ráká ìkẹyìn ìrun náà. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kò ní ṣe é, Basit kò ní ṣe é, ó máa dúró.

Idà náà bà á lẹ́yìn ọrùn.

Kò dùn ún. Fóòmù ni. Ṣùgbọ́n gbogbo pápá gbọ́ ìró rẹ̀, ó sì gbọ́ Rahmah lẹ́yìn tó fa èémí wọlé. Làtíìfù kò gbé orí kúrò nílẹ̀. Ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí à ń já ọ̀rọ̀ dà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Omi ojú rẹ̀ ń kán sórí koríko, kò sì lè nù ún. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, tó sáré lọ sínú odi tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Wọ́n jókòó, wọ́n ka àdúrà àtáyà wọn parí. Nasrullah sálámà sí ọ̀tún, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Ó sálámà sí òsì. Làtíìfù yí ojú sí òsì níbi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà, ó bá Basit níbẹ̀ pẹ̀lú àsíá funfun lọ́wọ́, tó ń mí gúlegúle.

"Àsàlámù àléékúmù wàráhámọ́túlàhì," Làtíìfù wí, bó ṣe yẹ kó wí.

Basit la ẹnu. Kò dáhùn.

Uncle Ajíbóyè ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó wo àsíá, ó wo ọrùn Làtíìfù, abẹ̀bẹ̀ náà ti wálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ itan rẹ̀. "Ilé Peckham ló gba odi," ó kéde. Kò sẹ́ni tó hó. Àwọn Peckham gan-an kò hó.

Nasrullah dìde, ó gbọn orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. "Ẹ máa gbà á. Odi yín ni, pápá yín ni, keep it. Àwa ò tún ní bá yín jà mọ́, a ò sì tún ní bá yín kírun." Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ síbi òkìtì. Jonathan dìde kúrò lórí rẹ̀, ó ń gbé idà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n.

"Tìfù," Basit wí. Ohùn tó fi pè é jẹ́ ohùn ilé. "A ti win. Ilé ò tú ká mọ́. Dìde."

Làtíìfù dìde. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ síbi bàtà.

"Tìfù, mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, inú ló bí mi. Ṣé o fẹ́ kí n kúnlẹ̀ ni?"

"O ti pa á," Uncle Ajíbóyè wí. "Òkú kì í fèsì lórí pápá yìí, Basit. Òkú kò sì ní olúwa."

"Uncle, eré ni."

"Lórí ìrun lo ti pa á. Èwo ni eré níbẹ̀?"

Rahmah tú aṣọ funfun kúrò lórí híjáàbù rẹ̀, ó kó o lé Nasrullah lọ́wọ́, ó sì wá dúró ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wo Basit, ẹni tó máa ń dì í lọ́wọ́ mú kọjá títì nígbà tó ń lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Brother Basit," ó wí. "I was right behind him. Mo rí yín."

Làtíìfù so okùn bàtà rẹ̀. Kò mú idà kankan nínú òkìtì. Òun àti àbúrò rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀ òkè, síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró.

Basit tẹ̀ lé wọn díẹ̀ pẹ̀lú àsíá tó ń wọ́ nílẹ̀, ó tún dúró. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn olórí ogun rárá.

"Kí ni kí n sọ fún Mummy?"

Làtíìfù gbọ́ ọ. Ó mọ ìdáhùn náà, ó sì mọ irú ojú tí Mummy Àsúmáù máa fi wo ọmọ rẹ̀. Ó di ọwọ́ Rahmah mú, wọ́n sì ń lọ.